Wọ́n pè mí fún intafíù ní ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ọsibítù, kí ni kí n mọ̀ kí n tó lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. FUTA ni mo ti kàwé jáde, Computer Science, Àkúrẹ́ náà ni mo ṣì ń gbé, ní Ìjàpọ̀. Iṣẹ́ backend ni mò ń ṣe láti ilé fún ilé-iṣẹ́ kan tó ní app ìfowóránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ sọ́fítíwíà fún àwọn ọsibítù ti wá pè mí fún intafíù báyìí, wọ́n ní ipele mẹ́rin ni, dókítà ló sì máa ṣe ọ̀kan nínú ẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn o, ẹ̀jẹ̀ gan-an mi ò lè wò. Kí ni wọ́n máa bi mí, kí lèmi náà máa bi wọ́n, ṣé ó sì dáa kí n fi ibi tí mo wà sílẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ẹ̀rù ìṣègùn yẹn ná. Kò sẹ́ni tó máa ní kó o dárúkọ egungun tàbí kó o sọ oògùn tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tó bá jẹ́ dókítà ni wọ́n ń wá, dókítà ni wọn ò bá pè, ó sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun lẹ máa jọ jókòó yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó o ní o ò lè wò, kò sóhun tó kan iṣẹ́ wa pẹ̀lú ẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà là ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ti bi èmi náà ní irú ìbéèrè yìí rí, ọjọ́ sì ti pẹ́ témi náà ti ń bi àwọn ẹlòmíì, ohun kan náà la máa ń wá lára èèyàn: ṣé ẹni yìí mọ̀ pé ohun tóun ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà máa dé ara ẹnì kan?

Wò ó, níbi tó o wà báyìí, tí owó bá ṣìnà lọ sí àkáǹtì ẹlòmíì, wàhálà ni lóòótọ́, kọ́sítọ́mà á pariwo, ọ̀gá á pè yín lóru, ṣùgbọ́n ẹ máa rífọ́ọ̀sì ẹ̀, bó pẹ́ bó yá owó yẹn á padà. Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ti gún, kò sí rífọ́ọ̀sì fún un. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà sí èèyàn lára torí pé rẹ́kọ́ọ̀dù kọ A sílẹ̀ dípò O, kò ṣe é fà jáde mọ́. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n máa bi ẹ́, ibẹ̀ yẹn ló ti ń wá, tó o bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, o máa rí i pé ohun tó o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀ ju bó o ṣe rò lọ.

Jẹ́ n fún ẹ ní ìbéèrè kan témi fúnra mi fẹ́ràn láti máa bi èèyàn, kó o rí bó ṣe ń lọ. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, ìyá kan dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ní ọsibítù kan ní Àkúrẹ́ níbí, ó gbé ìbejì dání, ọkùnrin ni méjèèjì. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ Táyé wọlé, ó tẹ Kẹ́hìndé wọlé. Sọ́nẹ́èmù kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn ló kọ fún àwọn méjèèjì. Ó wá yá, Kẹ́hìndé nìkan ni ara ẹ̀ ò yá, ìyá gbé e wá, ẹlòmíì ló wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn. Sọ́fítíwíà wa tí a kọ pé kó máa ṣọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó bá wà lẹ́ẹ̀mejì wá wo àwọn méjèèjì yìí, ó ní ẹnì kan náà ni, ó pa wọ́n pọ̀. Pẹnisílínì sì máa ń bá Táyé jà, wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ̀, ọ̀kan nínú fáìlì méjèèjì ló sì borí nígbà tí wọ́n pa pọ̀, kò sẹ́ni tó mọ èwo.

Ẹni tó bá kọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá rẹ́kọ́ọ̀dù méjì kan láti inú ìwé tí wọ́n kọ sí ìlú míì, á ní sọ́nẹ́èmù, ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti fóònù, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti dọ́gba, ó parí. Láàárín àwa Yorùbá tí ìbejì wa pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà láyé lọ, kò parí rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn tí inú mi máa ń dùn sí ni kí ẹni náà sọ pé òun ò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá pa rẹ́kọ́ọ̀dù pọ̀ fúnra ẹ̀, ó kàn máa gbé méjèèjì síwájú èèyàn ni kí èèyàn wò ó, tí wọ́n bá sì pa á pọ̀ tán, kó ṣeé tú padà, nọ́ńbà méjèèjì ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì hàn pé ta ló pa á pọ̀ àti ìgbà wo. Ó o rí i pé kò sí ìṣègùn kankan nínú ìyẹn? Kó o ronú nípa ẹni tó wà nídìí ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ṣì pọ̀, mo sì fẹ́ kó o mú un lọ síbẹ̀ torí ohun tí ìwọ mọ̀ látilé ni. Àmì tó wà lórí orúkọ wa ń da database láàmú. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ọ ní kóòdù tiẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ̀ ò ní, ọ yẹn ni wọ́n máa ń fi àmì U+0300 tẹ̀ lé. Kíbọ́ọ̀dù míì á kọ́kọ́ kọ ò, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Lójú, ọ̀kan náà ni, nínú kọ̀ǹpútà ó di méjì, tó o bá wá orúkọ yẹn, kò ní jáde, nọ́ọ̀sì á ní aláìsàn yìí ò tíì wá rí, á ṣí fáìlì tuntun. Tó o bá lè sọ fún wọn pé NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀, lo máa kọ́kọ́ sọ gbogbo orúkọ dà kó o tó tọ́jú ẹ̀, pé o tún máa ní ọwọ̀n (column) kan lọ́tọ̀ fún wíwá tí kò ní àmì rárá kí Sọlá àti Ṣọlá àti Sola lè jáde pa pọ̀, ó ti yé wọn pé o mọ ibi tó ò ń gbé nìyẹn. Àwọn màmá wa tí wọn ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn náà ńkọ́? January 1 ni wọ́n máa ń kọ fún gbogbo wọn. Tó o bá wá gbára lé ọjọ́ ìbí láti dá èèyàn mọ̀, ìwọ náà ro iye ìyá àgbà tó máa di ẹnì kan ṣoṣo.

Òmíì tún ni yúníìtì. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ibòmíì ń fi mg/dL kọ ọ́, ibòmíì ń fi mmol/L kọ ọ́, nọ́ńbà kejì yẹn lo máa fi 18 sọ di púpọ̀ kó tó di ti àkọ́kọ́. Tí mo bá fún ẹ ní ìsọfúnni láti lábù tó kọ 6, tí kò kọ yúníìtì, kí lo máa ṣe? Tó bá jẹ́ mmol/L, 108 ni lọ́nà kejì, kò sí pàjáwìrì níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 6 mg/dL, ẹni yẹn ń kú lọ. Àwọn kan á ní àwọn á kàn fi mmol/L sí i torí òun ló jọ pé ó bọ́gbọ́n mu. Rárá o. Kọ̀ ọ́, dá a padà, jẹ́ kó pariwo. Nínú iṣẹ́ yìí, sọ́fítíwíà tó dúró tó ní òun ò mọ̀, ó sàn ju èyí tó fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ, jọ̀ọ́ má jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹ.

Ìtàn kan wà tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó débẹ̀, torí àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Therac-25, AECL ní Kánádà ló ṣe é, ìtànṣán ló fi ń tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Láàárín 1985 sí 1987, ẹ̀ẹ̀mẹfà tí wọ́n mọ̀ ló rọ ìtànṣán tó ré kọjá ààlà sí aláìsàn lára, àwọn kan sì bá a lọ. Ní Texas ní 1986, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ yẹn fẹ́ tẹ e (fún electron), ọwọ́ ẹ̀ ṣèèṣì tẹ x (fún X-ray). Ó rí i, ó gòkè padà, ó tún un ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ lọ, ọwọ́ ẹ̀ yá torí ó ti mọ iṣẹ́ yẹn dunjú, gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ. Lójú skíríìnì, e ló wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, ohun tó ti kọ́kọ́ tẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣì ń múra fún, àtúnṣe yẹn ò dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ kọ MALFUNCTION 54 síta, kò ṣàlàyé nǹkan kan, irú ẹ̀ sì máa ń yọjú ṣáá tẹ́lẹ̀ tí nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀, obìnrin yẹn bá tẹ P pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú eléyìí ní ohun ìdènà gidi lára, tí kì í ṣe sọ́fítíwíà, tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán jáde tí nǹkan bá ṣìṣe, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fọkàn tán sọ́fítíwíà nìkan.

Mi ò sọ ọ́ kó lè dẹ́rù bà ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí níbẹ̀ ni pé obìnrin yẹn ò ṣe ohun tó burú, ó ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, ó tiẹ̀ ṣe é kíákíá, àwọn tó kọ kóòdù ni kò ro ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ máa yá tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí kò ṣàlàyé ara ẹ̀, tó tún ń yọjú lójoojúmọ́, á kọ́ èèyàn láti máa fọwọ́ tì í kúrò lọ́nà. Lọ wo app tó o ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí, wo iye ìgbà tí ẹ kọ "something went wrong" sí i.

Ní ipele tí wọ́n máa ní kó o ya bí ẹ̀rọ ṣe máa rí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kó o gbé èsì àyẹ̀wò láti lábù dé wọ́ọ̀dù. Queue, retry, gbogbo ìyẹn o ti mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ owó, pé tí ìsọfúnni kan bá dé lẹ́ẹ̀mejì kò gbọdọ̀ di méjì, ìwọ̀nyẹn ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu, má lo gbogbo àsìkò ẹ síbẹ̀. Ibi tí àwọn oní-fintech, ìyẹn ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ app owó, máa ń ṣubú sí ni ìgbà tí lábù bá ní "ẹ jọ̀ọ́ èsì àárọ̀ yẹn ò tọ́, tuntun rèé." Wọ́n á ní àwọn á ṣe UPDATE, ìyẹn ni pé wọ́n á kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Dókítà ti rí èsì àárọ̀ o, ó ti lè fún ẹni yẹn lóògùn lórí ẹ̀. Tó o bá pa èsì yẹn rẹ́, o ti pa ìdí tí dókítà fi ṣe ohun tó ṣe rẹ́ nìyẹn. Ní FHIR, ìyẹn ìlànà àjọ HL7 tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò báyìí láti fi gbé ọ̀rọ̀ ìlera láti ẹ̀rọ kan sí òmíì, gbogbo èsì ló ní status: preliminary, final, amended, corrected, tó fi dé entered-in-error fún èyí tí wọ́n ṣèèṣì kọ sí fáìlì ẹlòmíì. Wọn kì í sábà nu nǹkan nù, wọ́n á sàmì sí i ni. Ka ojú ewé Observation àti Patient ní orí sáìtì FHIR, ìrọ̀lẹ́ kan ti tó fún un, kò di dandan kó o mọ ìyókù.

Kó o tún múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìwọ tó o mọ bí BEDC, ilé-iṣẹ́ iná wa, ṣe ń ṣe wá, fojú inú wo nọ́ọ̀sì kan ní ìlera alábọ́ọ́dé ní apá omi Ìlàjẹ, tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń lò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ látàárọ̀ di ọ̀la. Sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá wá padà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹlòmíì ti tẹ nǹkan míì sí fáìlì kan náà, "ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn ló ni í" kì í ṣe ìdáhùn, pàápàá lórí oògùn tó ń bá èèyàn jà, ti àwọn méjèèjì ni kó o tọ́jú. Àti aago o! Tábúlẹ́ẹ̀tì tí bátìrì ẹ̀ kú pátápátá lè tan padà kó máa ka ọdún tó ti kọjá tipẹ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gún lónìí á wá hàn bíi pé wọ́n ti gún un kí wọ́n tó bí ọmọ. Aago tábúlẹ́ẹ̀tì àti aago sáfà, tọ́jú méjèèjì.

Òfin ò ní gba àkókò púpọ̀, ṣùgbọ́n mọ̀ ọ́n. Nigeria Data Protection Act ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra jù, tó bá sì jò lọ́nà tó lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí. National Health Act ti 2014 náà ti sọ pé àṣírí aláìsàn ni ohun tó wà nínú fáìlì ẹ̀. Tí àwọn kọ́sítọ́mà wọn bá wà ní Amẹ́ríkà, HIPAA, òfin tiwọn lórí àṣírí aláìsàn, lo máa gbọ́. Lójú iṣẹ́, ohun tó máa ń bá ni lójijì ni log: o kọ ìlà kan láti fi wá àṣìṣe, ó ń tẹ gbogbo ohun tó wọlé síta, orúkọ àti àìsàn èèyàn wá ń sùn nínú fáìlì tí gbogbo ẹ́njíníà lè ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkó dátà gidi wá sórí laptop láti fi ṣe test, tàbí yíya skíríìnì sórí WhatsApp kí ẹni kan lè báni wò ó. Tí wọ́n bá bi ẹ́ bó o ṣe máa wá bug tó ń yọ aláìsàn kan ṣoṣo lẹ́nu, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Ipele dókítà yẹn wá. Má lọ máa pe èdè kọ̀ǹpútà sí i lórí. Ó máa sọ ìṣòro kan fún ẹ, bíi pé àwọn nọ́ọ̀sì ò lo ibi tí ẹ ní kí wọ́n máa kọ ìfúnpá sí, ó fẹ́ mọ ohun tó o máa ṣe. Bi í léèrè ṣáá. Ìgbà wo ni wọ́n ń wọn ìfúnpá? Ibo ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí? Ṣé kọ̀ǹpútà wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì ni àbí ó wà ní tábìlì lọ́hùn-ún? Aláìsàn mélòó ni nọ́ọ̀sì kan ń bójú tó lóru? Ó lè jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ tàbí bébà kékeré ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, tí wọ́n á wá tẹ gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ kí wọ́n tó gbaṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́, bọ́tìnì tuntun kankan ò lè tún ìyẹn ṣe. Kó o tó lọ, wá nọ́ọ̀sì kan tó o mọ̀, kò lè má sí ọ̀kan nínú ìdílé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ra mínírà fún un kó o ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ òru kan fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìdárúkọ aláìsàn kankan. FUTA tó o ti jáde náà ní ẹ̀ka Biomedical Technology, wá ẹnì kan níbẹ̀ kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ sì ni OpenMRS, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù aláìsàn, gbé e sórí laptop ẹ, forúkọ aláìsàn àròsọ sílẹ̀, tẹ ìfúnpá sí i, wo ibi tó ti ń sú ẹ.

Ìpínlẹ̀ wa níbí gan-an ní àpẹẹrẹ kan tó o lè mú lọ fún wọn. Nígbà tí ìjọba gómìnà Mímikò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifedore ní 2009, ẹ̀rọ ibẹ̀ ò ju fóònù lásán lọ, wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bójú tó wọn, òṣìṣẹ́ yẹn á sì wá bá wọn nílé. Mo fẹ́ràn ètò yẹn torí pé ẹnì kan wà tó ń gbé ìpè, ó sì lórúkọ. Ọ̀pọ̀ app tí mo ti rí lẹ́yìn ìgbà yẹn ló dára lójú, ṣùgbọ́n tí ìkìlọ̀ bá jáde láàárín òru, kò sẹ́ni tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ̀rọ̀ sí.

Ìyẹn ló yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní ṣé o ní ìbéèrè. Tí ẹ̀rọ yín bá ti rí i pé nǹkan ò lọ dáadáa, ta ló ń gbọ́? Ìgbà wo ni nǹkan bà jẹ́ kẹ́yìn, kí lẹ sì yí padà lẹ́yìn ẹ̀? Tí wọ́n bá ní nǹkan kan ò bà jẹ́ rí, fura sí wọn. Ṣé dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó lágbára láti sọ pé ká dúró, àbí ẹ kàn ń pè wọ́n nígbà tó bá yá? Ìgbà wo lẹ gbìyànjú láti mú backup padà bọ̀ sípò kẹ́yìn? Ta ló ń sanwó: ọsibítù, HMO (ilé-iṣẹ́ adójútòófò ìlera), àwọn tó ń ṣe ìrànwọ́ láti òkè òkun, àbí aláìsàn fúnra ẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn yìí, má tijú láti bi wọ́n dáadáa. Ọsibítù kì í tètè ra nǹkan, ó lè gba oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, owó olùdókòòwò sì ń tán lọ lákòókò yẹn. 54gene, ilé-iṣẹ́ ìlera tó ń ṣèwádìí nípa gene, gba bíi mílíọ̀nù 45 dọ́là, wọ́n ṣì ti ilẹ̀kùn ní 2023. Tó bá jẹ́ ètò ìrànwọ́ ló gbé wọn dúró, bi wọ́n ìgbà tí ètò yẹn máa parí.

Ṣé kó o wá fi ibi tó o wà sílẹ̀? Mi ò mọ iye tí wọ́n ń san fún ẹ níbẹ̀, àmọ́ má retí kí owó yìí ju ti fintech lọ, iṣẹ́ ibí á sì falẹ̀ sí ẹ lójú, ohun tí ẹ ń gbé jáde ní ọjọ́ Fúráídè níbẹ̀ á gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbí torí àyẹ̀wò àti ìwé, inú á bí ẹ. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ló ń lé ẹ, tàbí tó o láwọn tó ń retí nǹkan lọ́wọ́ ẹ lósooṣù, dúró ná, kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ìdáhùn wọn sí àwọn ìbéèrè tí mo kọ sókè yìí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo fẹ́ kó o lọ. A nílò àwọn ẹ́njíníà tó mọ̀ pé Táyé kì í ṣe Kẹ́hìndé, wọn ò pọ̀ tó.

Tí wọ́n bá fún ẹ ní lẹ́tà, ibi tó sọ nípa iṣẹ́ òru ni kó o kọ́kọ́ kà. Kó hàn nínú ẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mélòó lóṣù ni wọ́n lè pè ẹ́ lóru, ta ni wọ́n máa pè tí o ò bá gbé e, àti iye tí wọ́n máa san lórí ẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fi í sí i kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, má sì tíì sọ fún ọ̀gá ẹ ìsinsìnyí pé ò ń lọ títí ìwé yẹn á fi dé.